Ẹni Tó Jí Ikú Ọmọ Aláfárá Gbé

"Màmá, ẹ gbà mí. Wọ́n ti jí ikú ọmọ kan gbé nílé mi."

Bí ọkùnrin náà ṣe sọ ọ́ nìyẹn, lórí ìdúró, lẹ́nu ọ̀nà mi, kò tíì kí mi káàárọ̀ tán. Mo wò ó látòkè délẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì rí abẹ láti ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì dúdú fún eruku pẹ́ńsùlù. Lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá tí mo ṣe, mo ti gbọ́ ti olè tó jí mọ́tò, mo ti gbọ́ ti olè tó jí ọkọ ọlọ́kọ. Ikú nìkan ni mi ò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni jí. Ohun tí gbogbo ayé ń sá fún, ta ni yóò fọ́lé torí rẹ̀?

"Wọlé, jókòó, ọmọ mi," mo ní. "Ikú ta ni wọ́n jí?"

"Ikú Ọmọ Aláfárá."

"Níbo ni Aláfárá yìí ń gbé?"

Ó wolẹ̀. "Inú ìwé ni, Màmá. Èmi ni mo dá wọn."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà ò jọ ti ẹni tó wá ṣeré. Mo bu omi fún un, mo ní kó rọra ṣàlàyé. Òǹkọ̀wé ni. Ó ti ń kọ ìwé ìtàn ńlá kan láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà, ó ti kọ ọ́ parí, àtúnkọ ló kù. Nínú èyí tó kọ́kọ́ kọ, ọmọbìnrin ọkùnrin tó ń ṣọ́ afárá ìlú kan dàgbà, ó sì lọ sílé ọkọ. Nínú àtúnkọ, odò gbé ọmọ náà lọ. Ibi tí odò ti gbé e lọ yẹn gan-an ni wọ́n jí. Ó jókòó, ó tún un kọ látorí, wọ́n tún jí i. Pẹ́ńsùlù ló fi kọ ọ́, kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan, àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé náà jáde sì ti ń pè é lójoojúmọ́.

"Ta lo fura sí?"

"Àbúrò mi tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kọ́kọ́rọ́ yàrá iṣẹ́ mi, méjì ni. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó sì sọ ọ́ lójú mi pé òun ò fẹ́ kí ọmọ yẹn kú. Tó bá di ọ̀la tí mi ò rí ìwé mi, màá fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

"Ọmọ ìyá ẹ?"

"Ọmọ ìyá mi ni, Màmá. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ yín."

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá nígbà náà, torí pé mo tín-ín-rín, ojú mi sì mú. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, orúnkún mi àti àtẹ̀gùn ti di ọ̀tá ara wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí kí n tún padà lọ sùn. Mo mú báàgì mi, mo ní ká máa lọ.

*

Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ò tóbi. Tábìlì gígùn kan ló gba gbogbo àárín rẹ̀, odidi ìlú sì wà lórí tábìlì náà. Páálí ló fi ṣe ilé, ó fi báírò fa òpópónà, ó fi igi ìṣáná to afárá, ó sì tẹ́ aṣọ búlúù kan gba abẹ́ afárá náà kọjá, ìyẹn lodò. Àwọn ará ìlú jẹ́ ọmọlangidi tí wọn ò ga ju ìka ọwọ́ lọ, olúkúlùkù wọn wọṣọ, ọ̀kan tilẹ̀ dé fìlà.

"Kí ni gbogbo eléyìí?"

"Ohun tí mi ò bá rí, mi ò lè kọ ọ́," ó ní. "Tí mo bá kọ pé ìyá kan rí ọmọ ẹ̀ látojú fèrèsé, mo gbọ́dọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ síbí, kí n wò ó bóyá ó lè rí i lóòótọ́. Ìwé tó bá ń purọ́ lórí fèrèsé, ta ló máa gbà á gbọ́ lórí ẹkún?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ojú kan wo fèrèsé ilé Aláfárá. Lóòótọ́, mo rí odò láti ibẹ̀ kedere. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ọkùnrin yìí díẹ̀.

"Ẹni tó bá kú ńkọ́?"

Ó nawọ́ sí agolo bisikíìtì kan tó wà lórí pẹpẹ. "Inú ibẹ̀ ni mò ń kó wọn sí. Èèyàn ò lè pa ẹnìkan nínú ìwé kó tún fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ ọn lójú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé Ọmọ Aláfárá sínú agolo yẹn. Ọjọ́ tí mo dé tí mi ò bá ìwé níbẹ̀, mo rí òun náà lórí tábìlì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá ẹ̀."

Olè tó ń jíwé, tó tún ń jí òkú dìde! Mo gbé ọmọlangidi náà sọ́wọ́. Gáùn búlúù kékeré kan ló wọ̀.

"Ta ló rán aṣọ wọn?"

"Ìyàwó mi. Aránṣọ ni, aṣọ ilé-ìwé ló ń rán. Ó ti pẹ́ tó ti rán ìwọ̀nyí, nígbà tí ọmọ wa..." Ó wo ọmọlangidi tó wà lọ́wọ́ mi. "Ọ̀fọ̀ ọmọ ṣẹ̀ wá, Màmá. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tá a bí. Ọmọ ọdún méje ni, ibà ló mú un lọ. Ó ti tó ọdún márùn-ún báyìí. Òun ló yan aṣọ tí Ọmọ Aláfárá wọ̀ yẹn."

Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ a rí irú ẹ̀ mọ́. Ó ní àmín, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ló fi ṣe é.

"Ìyàwó ẹ máa ń wọ yàrá yìí?"

"Kò wọ ibí mọ́ láti ọjọ́ tá a sin ọmọ. Kò sì ka ìwé mi kankan mọ́. A kì í tiẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹ̀ rárá."

Mo gbé awò mi wọ̀, mo yí ìsàlẹ̀ gáùn náà sókè. Oòrùn ti jẹ àwọ̀ aṣọ náà, àmọ́ ìlà kan wà nísàlẹ̀ tí búlúù rẹ̀ ṣì dúdú bíi tuntun. Ibẹ̀ ni ìṣẹ́tí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ẹnìkan ti tú u, ó ti fa aṣọ náà wálẹ̀ kó gùn sí i, ó sì ti fi òwú tuntun ṣẹ́tí rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo tú ìṣẹ́tí aṣọ yìí?"

"Kí ni wọ́n ń pè ní ìṣẹ́tí?"

Mo wò ó tìyanu-tìyanu. Ó mọ iye fèrèsé tó wà nínú odidi ìlú, kò mọ ohun tí aya rẹ̀ ń fi ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ṣe. "Má yọ ara ẹ lẹ́nu," mo ní. "Níbo ni àbúrò ẹ wà?"

*

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá a, ó ń ti aṣọ bọ inú báàgì. Ìka-Mẹ́wàá ni ìyàwó ilé sọ ọ́, torí pé kì í wo ọwọ́ rẹ̀ tó bá ń tẹ̀wé. Korobá irin kan wà nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, eérú ìwé ló kún inú rẹ̀. Mo ní, ó tán, ọwọ́ ti ba olè.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti ní èmi ni mo jí i, àbí?" ó bi mí. "Ẹ wò ó, mò ń lọ. Wọn ò níláti pe ọlọ́pàá."

"Ta ní kó o lọ? Kí lo sun síbí?"

"Ìwé."

"Ìwé ta ni?"

"Tèmi." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dénú. "Èmi náà ń kọ ìtàn, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn. Nígbà tí mo tẹ tiwọn dé ìdajì, mo padà lọ ka tèmi. Àánú ara mi ṣe mí. Mo bu kẹrosíìnì sí i."

Mo fi igi tú eérú náà. Mo rí àjókù mélòó kan: báírò ni wọ́n fi kọ ọ́, ìwé onílà sì ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í kọ nǹkan sórí ìwé onílà, kì í sì í fọwọ́ kan báírò. Mo fi igi náà sílẹ̀. Ẹni tó ń sun iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ti gba ìyà tó tó, kò tún yẹ kí n fi kún un.

"Kọ́kọ́rọ́ ẹ, níbo lò ń fi í sí?"

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ ni mo fi kọ́. Ta ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún nínú ilé ẹlẹ́ni mẹ́ta?"

"O ò sọ fún ìyàwó yín pé ọmọ inú ìwé yẹn kú?"

Ó la ojú sí mi. "Èmi? Kí n lọ bá ìyá tó sin ọmọ, kí n máa ròyìn òkú ọmọ fún un? Orí mi ò tíì dàrú o, Màmá."

"Ó dáa. Sọ bí àárọ̀ yín ṣe máa ń rí fún mi."

"Àárọ̀ wa? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á ka ohun tí wọ́n kọ lánàá sókè. Wọ́n ní etí ló ń mọ ọ̀rọ̀ tó bá ń tiro. Nígbà mìíràn wọ́n á ka ìlà kan ṣoṣo títí á fi sú mi. Tí wọ́n bá parí, màá lọ gba ìwé tí wọ́n bá ní kí n tẹ̀. Ìyàwó wa náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ."

"Kì í ránṣọ kí ọkọ ẹ̀ tó kà á tán?"

"Rárá. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ máṣíìnì ẹ̀ láàárọ̀. Mo rò pé kò fẹ́ dí wọn lọ́wọ́ ni."

Mo ní kó tú báàgì rẹ̀ palẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò tíì ní kí òun tú u. Mo ní èmi ti ní kó tú u, kó sì yáa ṣe é kí n tó mú igi.

*

Ẹnìkan ló kù tó tún mọ bí ọmọ náà ṣe kú, ìyẹn obìnrin tó jẹ́ olóòtú ìwé náà. Mo bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀, ìwé ga yí i ká títí dé ọrùn, báírò pupa wà létí rẹ̀. Òǹkọ̀wé gbà pé ọ̀rẹ́ òun ni. Èmi ò gba ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni gbọ́ kí n tó rí ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ní kó pa ọmọ náà, àbí?"

"Èmi? Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má pa á ni, Mà! Àwọn tó ń ka ìwé fẹ́ràn ọmọ yẹn. Mo ní kó jẹ́ kó lọ sílé ọkọ bó ṣe kọ ọ́ níjọ́sí. Ó fárígá. Ó ní irọ́ lòun ń pa látẹ̀yìn wá."

Èyí yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ kú, òun náà lè jí ikú rẹ̀. "Ìgbà wo lẹ dé ilé ẹ̀ gbẹ̀yìn?"

Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì. Àwọn dókítà ti fi símẹ́ńtì funfun dì í láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. "Ọjọ́ tí mo lọ kà á yẹn ni. Bí mo ṣe ń tibẹ̀ bọ̀ ni ọ̀kadà kọ lù mí. Tí ẹ bá rò pé mo fi ẹsẹ̀ yìí lọ jalè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí mo ṣe ṣe é, torí mi ò lè dá lọ sílé ìwẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, mo sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Mo wá bi í bóyá nǹkan kan wà nínú ikú náà tó ṣàjèjì lójú rẹ̀.

"Àṣìṣe kan wà," ó ní, "àṣìṣe kan ṣoṣo nínú gbogbo ìwé. Ọkùnrin yẹn lè bá mi jà lórí bóyá àwọn tó wà lójà lè gbọ́ aago ilé-ìwé. Àmọ́ nígbà tí odò ń gbé ọmọ lọ, ọmọ náà ké sí bàbá ẹ̀. Ó ní, 'Ẹ sọ fún Ìyá Bọ́tìnnì pé mi ò bínú pé kò tètè dé.' Ta ni Ìyá Bọ́tìnnì? Mo wá gbogbo ìlú yẹn kiri, mi ò rí i. Ẹja ni ìyá ọmọ náà ń tà! Mo fi pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé, 'Ta nìyí?' Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Ojú ẹ̀ tiẹ̀ pọ́n."

Mo dúpẹ́, mo jáde. Ìdí ẹjọ́ náà ti ń yọ sí mi, inú mi ò sì dùn sí i. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Ẹni tó mọ ìlú ọwọ́ ara rẹ̀ tó báyẹn kì í ṣàṣìṣe orúkọ. Orúkọ yẹn ò wá láti orí tábìlì páálí, inú ilé ló ti wá.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí òǹkọ̀wé ṣe bó ti máa ń ṣe, kó wọ yàrá rẹ̀, kó ka ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sókè, títí dé ibi tí olè já a sí. Kò gbọ́dọ̀ bi mí ní ìdí. Èmi mú síkẹ́ẹ̀tì mi kan tí síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́, mo kan ilẹ̀kùn ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ wọlé, ẹ jókòó." Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ohùn rẹ̀ ò ga. Aṣọ ilé-ìwé kọ́ sí gbogbo ara ògiri, àmọ́ máṣíìnì rẹ̀ dákẹ́. Ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan lórí ẹsẹ̀. Ó gba síkẹ́ẹ̀tì mi, ó ní kò le, ká jọ dúró díẹ̀.

Ohùn ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìhà kejì. Pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n fi dá yàrá méjèèjì níyà, ohùn náà sì ń dún bí ẹni pé ọkùnrin náà jókòó láàárín wa. Wọ́n ní ògiri létí. Ògiri tèyí tilẹ̀ tún lẹ́nu.

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí bọ́tìnnì. Kò wò mí mọ́. Ọkọ rẹ̀ ń ka bí òjò ṣe dá, bí Aláfárá ṣe lọ wo okùn, bí ọmọ rẹ̀ ṣe tẹ̀ lé e lẹ́yìn láìjẹ́ kó mọ̀. "'Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí afárá,'" ó kà, "'igi náà sì dún.'" Ibẹ̀ ló dúró sí, torí pé ibẹ̀ ni ìwé tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ parí sí.

Ètè ìyàwó rẹ̀ ò dúró. Ó ń lọ ní tirẹ̀, láìsí ohùn, ó ń ka èyí tó kù látorí.

Mo jẹ́ kó kà á lọ díẹ̀, kí n tó sọ̀rọ̀. "Ìyá Bọ́tìnnì," mo pè é.

Abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́. Ó tẹjú mọ́ mi, ojú rẹ̀ kún fún omi lẹ́ẹ̀kan náà. "Ta ló sọ orúkọ yẹn fún yín?"

"Ẹni tó kà á nínú ìwé ni. Ọmọ mi, o ò wọ yàrá ọkọ ẹ, o ò ka ìwé ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún márùn-ún yìí wá, o ti ń dá máṣíìnì dúró láràárọ̀, o ti gbọ́ gbogbo ìwé yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀. Ọmọlangidi kì í dàgbà, síbẹ̀ ẹnìkan tú ìṣẹ́tí aṣọ ẹ̀. Ìwọ lo mú ìwé náà."

"Aṣọ ẹ̀ ti kúrú," ó ní. "Ọmọ ọdún méjìlá kì í wọ aṣọ ọmọ ọdún méje. Inú agolo yẹn sì ṣókùnkùn."

Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mi ò jí ikú ẹnikẹ́ni, Màmá. Ohun tó jẹ́ tèmi ni mo mú. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi kú, mo jáde lọ wá oògùn. Ọkọ mi ní kí n lọ, òun á jókòó tì í. Mo lọ ilé oògùn kan, kò sí níbẹ̀, mo lọ òmíràn. Nígbà tí mo fi dé, ó ti tán. Mo bi ọkọ mi, mo ní, kí ló sọ? Ó ní kò sọ nǹkan kan, ó ní ọwọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ òun ni, ó sì sùn lọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọdún márùn-ún yìí ni mo fi gbà pé ọmọ mi ò béèrè mi. Àfi lójijì, láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ orúkọ mi lára pákó yẹn. Orúkọ tí ọmọ mi nìkan ń pè mí, nígbà tó bá ń ṣa bọ́tìnnì nílẹ̀ yìí. Ó ní òun ò bínú pé mi ò tètè dé."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ìbínú wá gba ipò ẹkún lára rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ọmọ mi wà lọ́wọ́ ẹ̀ látọjọ́ yẹn, kò fún mi! Ó kó o fún ọmọ páálí. Ó tún wá ń tún un ṣe, Màmá. Lónìí á ní 'mi ò bínú,' lọ́la á ní 'inú mi ò bàjẹ́,' á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀, ó ń wá èyí tó dùn jù. Ọmọ mi ń kú lójoojúmọ́ kí n tó jẹun àárọ̀, bàbá ẹ̀ ń ṣa ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ṣé aṣọ ni ọ̀rọ̀ ọmọ mi, tí wọ́n á fi máa wọ̀n ọ́n wò?"

"Níbo ni ìwé náà wà?"

Ó ṣí dúrọ́ọ̀ máṣíìnì rẹ̀. Ìdì ìwé méjì ló gbé jáde, ó ti fi òwú rán etí wọn pọ̀ yíká, kò ku ibi tí ìka lè gbà wọlé. "Mi ò lè sun ún," ó ní. "Ọmọ wà nínú ẹ̀. Mo rán an pa kí ẹnikẹ́ni má baà lè tún un ṣe mọ́."

Ìgbà yẹn la gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún. Ògiri tó ń gbé ọ̀rọ̀ wá náà ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ. Òǹkọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ohun tá a sọ ló ti gbọ́. Mo rò pé yóò pariwo lórí ìwé rẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ìwé náà. Ó fi ẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn, ó rọra yọ́ wálẹ̀ títí tó fi jókòó sílẹ̀.

"Kò sọ nǹkan kan fún mi," ó ní.

"Má purọ́ fún mi mọ́," ìyàwó rẹ̀ ní. "Mo gbọ́ ọ. O fi orúkọ mi síbẹ̀."

"Irọ́ ni mo pa níbẹ̀. Ìwọ gan-an ni mo kọ́kọ́ purọ́ fún. Mi ò sí lọ́dọ̀ ọmọ wa nígbà tó kú. Nígbà tó o jáde, ó sùn, ara ẹ̀ sì ti ń rọlẹ̀ lójú mi. Mo ní kí n sáré lọ parí ojú-ìwé kan. Ojú-ìwé kan péré. Ọ̀rọ̀ wá ń dùn mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò sì mọ ìgbà tí mo fi pẹ́. Nígbà tí mo padà wọlé, ọwọ́ ẹ̀ ti tutù. Mi ò dì í mú. Mi ò mọ̀ bóyá ó pè ọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó pe èmi, tí mo wà níyàrá kejì tí mo ń kàwé sókè, tí mi ò gbọ́ ọ."

Ó gbé ojú sókè wo ìyàwó rẹ̀.

"Nígbà tí mo ń kọ ti odò yẹn, mo fi bàbá ẹ̀ síbẹ̀. Mo ní kí ẹnìkan sáà wà níbẹ̀ kó gbọ́ ọ. Èmi ni mo wá ohun tó máa sọ. Èmi ni mo fẹ́ kí ó má bínú sí, mo kàn fi orúkọ ẹ sí i, torí mi ò lójú láti fi tèmi sí i."

Mo ti mú ọ̀pọ̀ ọ̀daràn jẹ́wọ́ láyé mi, inú mi máa ń dùn tó bá rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó dùn mí dénú egungun pé mo gbọ́n. Tí mo bá ti jókòó sílé mi, obìnrin yìí ì bá ṣì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Èmi ni mo wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mú báàgì mi, mo dìde láti máa lọ, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ jókòó dí ẹnu ọ̀nà, mi ò sì lè ní kó dìde.

Obìnrin náà gbé ọ̀kan nínú ìdì ìwé méjèèjì lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì mú bíléèdì kékeré tó fi ń tú aṣọ. Mo bẹ̀rù pé yóò ya á. Ó fi ṣóńṣó bíléèdì náà kọ́ òwú àkọ́kọ́, ó gé e, ó kọ́ èkejì. Bó ṣe ń tú u lọ nìyẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò fa ìwé kankan ya. Nígbà tó tú u tán, ó bọ́ sílẹ̀ lórí ìjókòó, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀ lórí ilẹ̀, ó sì gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́.

"Kà á," ó ní.

"Irọ́ ni. Mo ti sọ fún ẹ pé èmi ni mo hùmọ̀ ẹ̀."

"Mo gbọ́. Kà á."

Ó kà á. Ó ka ibi tí omi ti dé ọrùn ọmọ náà. Ó kà á dé ibi tí ọmọ náà ti ké sí bàbá rẹ̀, ó ka orúkọ náà, ó ka ohun tó tẹ̀ lé e. Obìnrin náà na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibẹ̀ lórí ìwé.

"Má tún ibí yìí ṣe mọ́," ó ní.